Ẹ Wo Ìyá Ajá Kí Ẹ Tó Ra Ọmọ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ ajá ni a gbé wá síwájú yín lónìí. A mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò sì wí pé ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu wa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kan owó, ó kan òtítọ́ nínú òwò, ó sì kan àánú. Nítorí náà a bẹ̀ yín, ẹ fi sùúrù gbọ́ ọ.

Ní ọdún 6 sẹ́yìn, nígbà tí àwọn olè ń yọ àdúgbò wa lẹ́nu, a ra abo ọmọ ajá kan, irú àwọn ajá ńlá ilẹ̀ Jámánì tí etí wọn máa ń dúró ṣánṣán, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣọ́ ilé ní Èkó àti ní Ìbàdàn. Owó tí a san kò kéré. A sọ ọ́ ní Tanímọ̀la. A wo etí rẹ̀, a wo irun rẹ̀, a wo bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tóbi tó. Ṣùgbọ́n a kò ní kí a fi ìyá rẹ̀ hàn wá, a kò sì béèrè bàbá rẹ̀. Nígbà tí a mú un délé, a bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ọ bí ẹni ń bọ́ àgbò Iléyá. Bí ó ti ń sanra ni inú wa ń dùn.

Nígbà tí ó pé oṣù 8, a rí i pé kò sáré bí ajá mọ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì ni ó ń gbé pọ̀, tí ó ń fò bí ehoro. Ní òwúrọ̀, dídìde a máa ni í lára. Àtẹ̀gùn mẹ́ta péré tí ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà wa sì di òkè ńlá fún un. Ẹnì kan nínú ilé ní wọ́n ti sọ òkò lù ú. Ẹlòmíràn ní ọwọ́ ayé ni. Ẹ̀kẹta mú òrí wá kí a fi pa á lẹ́sẹ̀. Aládùúgbò wa kan tilẹ̀ gbà wá nímọ̀ràn pé kí a tà á fún àwọn tí ń jẹ ajá kí ó tó rù.

Dókítà ẹran ni ó tú àṣírí náà. Ó ya àwòrán egungun rẹ̀, ó sì fi í hàn wá. Ó ní bí orí ọmọ odó ti ń jókòó sínú odó, bẹ́ẹ̀ ni orí egungun itan ń jókòó sínú ihò ìbàdí. Ní ti Tanímọ̀la, odó náà kò jìn tó, ọmọ odó kò sì rí ibi jókòó sí. Ó ń yẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, egungun ń ha egungun, títí oríkèé náà fi ń dùn ún. Hip dysplasia ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Kì í ṣe òkò, kì í sì í ṣe àjẹ́. Láti ara àwọn òbí ni ó ti ń wá; bí a bá sì bọ́ ọmọ ajá ní àbọ́jù, tí ó yára tóbi tí ó sì sanra, àrùn náà a máa le sí i. Ọ̀rọ̀ yìí gún wa lọ́kàn, nítorí a rí i pé ọwọ́ àwa náà wà nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ wà fún un, àní a lè pààrọ̀ oríkèé náà pátápátá. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kọjá agbára akọ̀wé. Èyí tí agbára wa ká ni a ń ṣe. A dín oúnjẹ rẹ̀ kù, a sì ń wọ̀n ọ́n lóṣooṣù. A tẹ́ ẹní sórí ilẹ̀ tí ń yọ̀. Ìrìn díẹ̀ lórí koríko ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ ni a ń mú un rìn, kì í ṣe ìrìn gígùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Oògùn tí dókítà ẹran bá kọ fún un nìkan ni a ń lò, nítorí oògùn ara ríro ti ènìyàn, bí ibuprofen, a máa dá egbò sí inú ajá, a sì máa ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ yìí jẹ́ ohun kékeré. Àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tọ́ ajá Labrador 48 ní méjì-méjì. Wọ́n ń fún ọ̀kan ní ìdá mẹ́rin oúnjẹ, wọ́n sì ń fún èkejì ní ìdá mẹ́ta péré nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2002, a rí i pé àwọn tí ó jẹ díẹ̀ pẹ́ láyé ju àwọn yòókù lọ ní nǹkan bí ọdún 2, àìsàn oríkèé kò sì tètè mú wọn. Oúnjẹ tí a ń pè ní ìfẹ́ lè di ìyà.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí Tanímọ̀la dàgbà, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá sọ́dọ̀ wa pé kí a jẹ́ kí akọ ajá wọn gùn ún. Ọ̀kan nínú wọn ṣírò owó ọmọ ajá 8 fún wa lójú ẹsẹ̀. Owó ilé-ìwé wà nílẹ̀, ìyá àwọn ọmọ wa sì wo ojú wa. Nígbà tí a sọ pé ìbàdí ajá náà kò dára, ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, ta ni yóò mọ̀? Ọmọ ajá kì í tiro ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ.” Òtítọ́ ni ó sọ, òtítọ́ náà ni ó sì bà wá lẹ́rù. Bí ẹni tí ó tà á fún wa ti rò nìyẹn, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. A kọ̀, a ní kí dókítà gbé ilé-ọmọ rẹ̀ kúrò.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ kì í ra iṣu láìyẹ̀ ẹ́ wò, ẹ kì í sì í ra aṣọ láìtú u. Èéṣe tí ẹ fi ń ra ajá ní àfọ́jú? Ní Amẹ́ríkà, láti 1966 ni ẹgbẹ́ tí a ń pè ní Orthopedic Foundation for Animals ti ń wo àwòrán ìbàdí ajá, kò sì ní fún ajá tí kò tíì pé oṣù 24 ní ìwé ẹ̀rí. Àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ń fi máàkì sí ìbàdí kọ̀ọ̀kan, láti 0 dé 53. Bí ó bá ti pọ̀ tó ni ó burú tó. A kò sọ pé ọmọ òbí rere kò lè ní àrùn náà. Ó lè ní i, ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ dín kù. Ajá mìíràn sì wà tí kì í tiro rárá tí ìbàdí rẹ̀ kò dára. Nítorí náà àwòrán egungun ni ẹlẹ́rìí, kì í ṣe ojú lásán. Bí olùrà mẹ́wàá bá béèrè àwòrán náà tí wọ́n sì yí padà nígbà tí wọn kò rí i, olùtà yóò wá a.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ti ní irú ajá bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe lé e sí ìgboro. Ní oṣù tí ó kọjá, ní òru, Tanímọ̀la gbó títí a fi jí, a sì bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ní ṣíṣí. Kò lè sáré lé ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò tiro.