Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde



Ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2012, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Lítà pẹtiróòlù kan fò láti náírà 65 sí 141. Ní ọjọ́ 9, àwa òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn olówó náà bá wa jáde ní Ojota. A kò lé wọn.

Ṣùgbọ́n à ń bi wọ́n: ẹni tó gbé jíìpù wá pariwo ebi, èló ló ń san fún dírẹ́bà tó wa jíìpù náà? Owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin nígbà náà jẹ́ náírà 18,000, òfin ọ̀hún kò sì kan ibi tí òṣìṣẹ́ kò bá ti pé 50. Òfin kò mú ọ̀gá dírẹ́bà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ ló yẹ kó mú un!

Ní ọjọ́ 16, epo di náírà 97, ìdaṣẹ́sílẹ̀ parí. Olówó padà sídìí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Dírẹ́bà padà sídìí owó oṣù àná.

Ẹni tó bá fẹ́ gba makirofóònù níwájú wa lọ́la, kó kọ́kọ́ sọ iye tó ń san fún ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìṣọ̀kan ni agbára wa!