Ẹ Wo Ìdí Kóńgò Kí Ẹ Tó Gba Iye

Kò sí ọmọ Èjìgbò tó ń bá ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà tí kò mọ ọgbọ́n kóńgò. Kóńgò lè kún dẹ́nu, kí gààrí orí rẹ̀ yọ téńté, síbẹ̀ kó má pé, torí pé wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá wa fi máa ń yí i délẹ̀ wò kí wọ́n tó sanwó. Wọn ò bú ẹni tó ń tajà o. Ohun tó fi ń wọn ọjà ni wọ́n ń wò. Irú ojú yẹn gan-an ló yẹ ká máa fi wo ìwádìí òkun. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún wa pé ẹja ti dín kù tàbí pé òkun ti gbóná, kó kọ́kọ́ sọ ohun tó fi wọ̀n ọ́n, bó ṣe wọ̀n ọ́n, àti ibi tí kò wọ̀n dé.

A mọ̀ pé ẹnìkan á ti máa bi wá pé, "Kí ló kan Èjìgbò nínú ọ̀rọ̀ òkun?" Ó kàn wá dáadáa. Ìlú Ògìyán ni ìlú wa. Iyán ò ṣeé jẹ láìsí ọbẹ̀, ọbẹ̀ ilé wa kì í sì í sábà dá ní ẹja. Titus, ṣáwá, pánlá, ẹja òkun ni gbogbo wọn. Yàtọ̀ síyẹn, ilé mélòó ló wà l'Éjìgbò tí kò ní ẹbí ní Abidjan? Láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án lọ́dọọdún, omi tútù máa ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun létí Côte d'Ivoire àti Ghana. Omi yẹn ló ń gbé oúnjẹ wá fún ẹja, ìgbà yẹn sì ni ṣáwá máa ń pọ̀ nínú àwọ̀n. Torí náà, ẹni tó bá ṣi ìgbóná òkun wọ̀n, ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ wa ló ń ṣì sọ.

Wọ́n sì ti ṣì í wọ̀n rí. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ọkọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kọ ìgbóná ojú òkun sílẹ̀. Omi tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ fà wọlé ni wọ́n sábà máa ń wọ̀n, omi yẹn sì máa ń gbóná díẹ̀ ju bó ṣe wà lókun lọ. Nígbà tí ogun parí lọ́dún 1945, ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ padà nínú àkọsílẹ̀. Korobá làwọn fi ń fa omi sókè, atẹ́gùn á fẹ́ sí i, omi inú rẹ̀ á sì tutù kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Bó ṣe di pé, lórí ìwé, òkun ayé ṣàdédé fi bíi dígírì 0.3 tutù lóṣù kẹjọ ọdún 1945 nìyẹn. Òkun ò tutù. Korobá ló dé! Ọdún 2008 ni àwọn onímọ̀ tó tú àṣírí náà tó gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n lè tú u ni pé àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè tó ni ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣì wà. Ká ní kò sí ńkọ́?

Ti ẹja tún le ju ìyẹn lọ. Àjọ FAO ló ń kó iye ẹja tí ìjọba kọ̀ọ̀kan bá sọ pé wọ́n pa jọ. Fún ọdún 1996, iye tó wà lákọsílẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 86 tọ́ọ̀nù. Lọ́dún 2016, Daniel Pauly àti Dirk Zeller tún un ṣírò, wọ́n ní mílíọ̀nù 130 ni. Ibo ni ìyókù wà? Nínú ọkọ̀ àwọn apẹja kéékèèké, nínú ẹja tí wọ́n mú relé fún ọmọ jẹ, nínú èyí tí wọ́n dà nù sómi, àti nínú èyí tí wọ́n jí pa. Níbi tí òṣìṣẹ́ ìjọba ò ti mọ iye, ó fi àyè sílẹ̀ lófìfo, òfìfo náà sì di òdo nínú ìṣirò. Àwọn kan ti bá Pauly àti Zeller jiyàn, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, torí wọ́n gbé bí wọ́n ṣe ṣírò tiwọn síta. Àmọ́ apẹja kékeré kì í ṣe òdo. Ọwọ́ wọn ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹja tí a ń pa ní Nàìjíríà ti ń wá.

Ẹ tún wo ọkọ̀ ìwádìí Dr Fridtjof Nansen, tó jẹ́ ti orílẹ̀-èdè Norway, tó ń fi àsíá àjọ UN rìn létí òkun ilẹ̀ Áfíríkà. Ìró ló ń rán sínú omi láti fi mọ ibi tí ẹja wà. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ńlá ò lè wọ ibi tí omi ò ti jìn, ibẹ̀ sì ni ọlọ́kọ̀ kékeré ń na àwọ̀n sí. Bí wọ́n bá ní ẹja ò pọ̀ mọ́, ẹ bi wọ́n pé: níbo?

Irú iye báyìí ló ń di òfin. Lọ́dún 2019, ìjọba Ghana ní kí àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré má pẹja fún oṣù kan, kí ẹja lè bí sí i. Òfin náà lè dáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ní kó so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti rí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi dá ẹjọ́ rẹ̀.

Ẹ má gbọ́ wa lódì o. A ò sọ pé irọ́ ni sáyẹ́ǹsì. Onísáyẹ́ǹsì ló mú korobá, kì í ṣe àwọn tó ń pariwo lórí WhatsApp pé òyìnbó ń tan wá jẹ. Ẹni tó bá fi òṣùwọ̀n rẹ̀ pamọ́ là ń bá jà, àti ẹni tó bá gba iye láìbéèrè.

Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ rèé. Ilé iṣẹ́ ìwádìí òkun Nàìjíríà, NIOMR, ti wà l'Ékòó láti ọdún 1975. Abidjan náà ní tirẹ̀. Kí wọ́n jọ lo òṣùwọ̀n kan náà, torí ẹja kì í gba físà. Kí wọ́n kọ ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣiṣẹ́ síta fún gbogbo ayé. UNESCO ní ibi ìkówèésí kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún irú ìwé bẹ́ẹ̀, Ocean Best Practices, ọ̀fẹ́ sì ni. Kí wọ́n pe apẹja Ìlàjẹ àti ti Àgbádárìgì sídìí ìwádìí láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì sanwó àkókò wọn.

Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ UNIOSUN wà ní ìlú wa níbí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá tún ìwádìí ẹlòmíì ṣe, láti mọ̀ bóyá ó dúró, gba máàkì bíi ti ẹni tó wá àkòrí tuntun. Ọdún 2021 sí 2030 ni UN yà sọ́tọ̀ fún ìmọ̀ òkun. Ó ti kọjá ìdajì, ìbéèrè sì kù nílẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè.