Ọjọ́ Olóhun Dà Nínú Fíìmù Jàǹdùkú?

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ará wa ní Ìlú Ọba, ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò lè gbé mì. Àwọn fíìmù jàǹdùkú tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi owó táṣẹ́rẹ́ ṣe ti di ohun ìgbàlejò nínú pálọ̀ ọ̀pọ̀ ilé. Bí ọ̀rẹ́ bá yà kí wọn lálẹ́ Sátidé, òun ni wọn yóò tàn, tọmọdé-tàgbà yóò sì jókòó tì í. Wọ́n ní eré lásán ni. Irọ́ ni.

Ẹ wo Rise of the Footsoldier tí Julian Gilbey ṣe ní ọdún 2007. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́ wà nínú rẹ̀: ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kejìlá ọdún 1995, wọ́n yìnbọn pa ọkùnrin mẹ́ta tí ń ṣòwò oògùn olóró sínú ọkọ̀ Range Rover ní Rettendon, ní Essex. Ọ̀rẹ́ wa kan tí a jọ wò ó nílé ní ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, pé ṣebí wọ́n kú nígbẹ̀yìn? Ó ní àwọn àgbà kúkú ti wí pé ojoojúmọ́ ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun.

A kò gbà. Olóhun dà níbẹ̀? Jàǹdùkú ló ń pa jàǹdùkú. Ẹni tí wọ́n lù lálùbami, ẹni tí wọ́n ta májèlé fún, ńṣe ni wọ́n kàn ń kọjá lójú wa bí òjìji. Ikú náà kò tilẹ̀ dúró. Pat Tate, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó kú, ni wọ́n tún fi ṣe ọ̀gá eré nígbà tí apá kẹta jáde ní ọdún 2017. Nígbà tó fi di ọdún 2023, fíìmù náà ti pé mẹ́fà. Ẹni tí ọjà tún gbé dìde báyìí, ẹ̀rù wo ni ikú rẹ̀ yóò dá ba ọmọ ọdún mẹ́rìnlá?

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé àìlówó ló fà á. Túndé Kèlání kò ní owó Hollywood nígbà tó ṣe Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ ní ọdún 1993. Ìjòyè kan pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ta ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn fún àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé epo. Nígbà tí ikú bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn, eré kò tíì parí; ìpayà àti ìsákiri ìjòyè náà ni a ń wò lọ. Bàbá Wándé pa wá lẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n a kò tíì rí ọmọ tó ní òun fẹ́ dà bí ìjòyè yẹn.

A kò ní kí ẹ gbé tẹlifíṣọ̀n sọnù. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà 18 tí wọ́n kọ sára fíìmù wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ lọ sùn. Èyí tó bá ti dàgbà tó, ẹ bi í léèrè lédè Yorùbá: owó ta ni wọ́n ń ná yìí? Ta ni wọ́n ṣẹ̀? Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, iṣẹ́ òru ni púpọ̀ nínú wa fi ra ilé nílẹ̀ yìí.