Àjàṣẹ́ Kì í Ṣe Oko Ẹnikẹ́ni

Nígbàkígbà tí ìdìbò bá ti ń súnmọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn oníròyìn kì í gbàgbé láti kọ nípa Àjàṣẹ́: « fief ». Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ilẹ̀ yìí, láti Sèmè-Kpodji tó wà létí òkun dé Adjarra, títí kan Aguégués tó wà láàrin omi, oko lágbájá ni, ẹni tó bá sì ni oko ló ni irè. A ti ka ọ̀rọ̀ náà tó, ó sì ti sú wa. Wọ́n ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ ni àwọn ará ibí fi ń dìbò. Àwa ń sọ pé òfin ìdìbò ni ó ń sọ ìlú di oko.

Ní 1945, nígbà tí Dàhòmì àti Tógò kọ́kọ́ rán aṣojú lọ sí ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Paris, Sourou Migan Apithy, ọmọ Àjàṣẹ́, wà nínú àwọn méjì tí a yàn. Ní 1951 ó dá PRD sílẹ̀, Parti républicain du Dahomey. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹni tí ènìyàn mọ̀ ni ó máa ń yàn.

Oṣù kẹrin ọdún 1959 ni ọ̀rọ̀ bàjẹ́. UDD, ẹgbẹ́ Justin Ahomadégbé, ní ìbò tó lé ní 170,000. PRD ní èyí tó lé díẹ̀ ní 140,000. Síbẹ̀ PRD gba àga 37 nínú 70, UDD sì gba 11 péré. Bí ẹgbẹ́ kan bá ṣíwájú ní agbègbè kan, ì báà ṣe pẹ̀lú ìbò díẹ̀, gbogbo àga ibẹ̀ ni ó ń kó lọ. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ní láti gba àga 9 lọ́wọ́ PRD fún UDD. Ní Àjàṣẹ́, àwọn tó jèrè kò bèèrè ibi tí èrè ti wá. Kí a tó dá ẹlòmíràn lẹ́bi lónìí, ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ èyí: nígbà tí òfin tó wọ́ ń gbè wá, a pè é ní òfin.

Ní 1970, ìdìbò ààrẹ fi hàn pé agbègbè kọ̀ọ̀kan ti tẹ̀lé ọmọ tirẹ̀. Wọ́n fi Maga, Ahomadégbé àti Apithy jẹ́ ààrẹ ní àyípo. Ìjọba ológun dé ní oṣù kẹwàá 1972, kó tó kan Apithy. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni ó kù fún wa títí di àpérò 1990.

Ní ọdún yẹn kan náà, Adrien Houngbédji dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀: Parti du renouveau démocratique. PRD náà ni! Àwọn àgbà tó dìbò fún Apithy tún rí lẹ́tà mẹ́ta tí wọ́n mọ̀. Fún ohun tó ju ogún ọdún lọ, Àjàṣẹ́ àti agbègbè rẹ̀ dúró ti ẹgbẹ́ yìí. Ní 2019, orúkọ rẹ̀ kò sí lórí ìwé ìdìbò. Ẹgbẹ́ méjì péré ni a jẹ́ kó díje ní gbogbo orílẹ̀-èdè, àwọn tó jáde dìbò kò sì tó ìdá 30 nínú 100. Ní 2022, ẹgbẹ́ náà wọ inú ẹgbẹ́ mìíràn. Ta ni ó bèèrè lọ́wọ́ olùdìbò Adjarra? Bí oko bá ni wá ní tòótọ́, a ti tà wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kan ilẹ̀kùn wa.

Òfin tí wọ́n tún ṣe ní 2024 wá pé kí ẹgbẹ́ tó dá dúró ní ìdá 20 nínú 100 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn agbègbè ìdìbò 24. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ kan bá ní ìdá 60 ní Àjàṣẹ́, tó sì ní 19 ní agbègbè kan ṣoṣo ní àríwá, kò ní rí àga kankan. Ìbò Àjàṣẹ́, ìbò Kétu, ìbò Ṣábẹ̀ẹ́, gbogbo rẹ̀ di òfo nítorí ohun tí ẹlòmíràn ṣe ní ibi tí a kò dé rí.

A gbọ́ àwíjàre àwọn tó gbè é: wọn kò fẹ́ kí 1970 tún padà wá. Àwa náà kò fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ di ti gbogbo orílẹ̀-èdè, ẹ jẹ́ kó lọ bẹ àwọn ènìyàn káàkiri. Ẹ má ṣe fi ìbò àwọn tó ti gbà á tì. Ní 1959, ìdá tó kéré kó gbogbo rẹ̀ lọ. Nísinsìnyí, ìdá tó pọ̀ lè lọ lọ́wọ́ òfo.

Ohun kan tún wà tí ó kan ẹgbẹ́ wa gan-an. Èdè Gùn àti Yorùbá ni àwọn olùdíje fi ń bẹ̀ wá ní ọjà, Faransé ni wọ́n fi kọ òfin tó ń pinnu bóyá ìbò wa yóò kà. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1990, ní abala 11, sọ pé ìjọba gbọ́dọ̀ mú àwọn èdè orílẹ̀-èdè gbòòrò. Kí wọ́n gbé òfin ìdìbò náà wá fún wa ní Yorùbá, láti abala kìíní dé ìkẹyìn, kí a sì kà á sókè ní ọjà, níwájú àwọn tó wá bẹ̀bẹ̀ níbẹ̀.