Àlejò Tó Béèrè: Ẹ̀kọ́ Lára Iṣẹ́ Edmund Hillary

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òwe yìí ni mo máa ń rántí nígbàkígbà tí àwọn olówó àti olókìkí bá kó ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ wọ ìlú onílùú. Púpọ̀ nínú wọn ni kì í béèrè ohun tí ó ń jẹ onílé níyà. Lójú tèmi, Edmund Hillary yàtọ̀ sí wọn, ìdí rẹ̀ sì nìyí.

Ọmọ New Zealand ni ọkùnrin yìí. Oyin ni ó ń sìn kí òkìkí rẹ̀ tó kàn. Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 1953, òun àti Tenzing Norgay di ẹni méjì àkọ́kọ́ tí a mọ̀ dájú pé wọ́n dé ṣóńṣó Òkè Everest. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ì bá fi ògo yẹn jẹun títí di ọjọ́ ikú wọn. Ṣùgbọ́n Hillary padà sọ́dọ̀ àwọn Sherpa ní Nepal, àwọn tí wọ́n bá a ru ẹrù gun òkè, ó sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́. Àgbà kan fèsì pé àwọn ọmọ àwọn lójú, ṣùgbọ́n wọn kò ríran. Ilé-ìwé ni àwọn ń fẹ́. Ó dá Himalayan Trust sílẹ̀ ní ọdún 1960. Ní 1961, ilé-ìwé Khumjung bẹ̀rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó kan ìṣó mọ́ pákó. Pápá ọkọ̀ òfuurufú Lukla tẹ̀lé e ní 1964, ilé ìwòsàn Kunde ní 1966.

Ní 1975, ọkọ̀ òfuurufú já nítòsí Kathmandu, ó sì pa Louise ìyàwó rẹ̀ àti Belinda ọmọ wọn, nígbà tí wọ́n ń lọ bá a níbi iṣẹ́ ilé ìwòsàn Phaphlu. Síbẹ̀, kò pa iṣẹ́ náà tì títí tí ó fi kú ní 2008. Mingma Norbu Sherpa, ọ̀kan lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Khumjung, di ọ̀gá ní ọgbà ìpamọ́ Sagarmatha.

Àmọ́ iṣẹ́ èdè ni mo ń ṣe, n kò sì lè ṣe kí n má béèrè: èdè wo ni àwọn ọmọ náà fi kẹ́kọ̀ọ́? Èdè Sherpa bá èdè Tibet tan. Nepali tí í ṣe èdè ìjọba wá láti ẹbí mìíràn, òun sì ni ilé-ìwé gbà wọlé. N kò dá Hillary lẹ́bi. Ilé ni wọ́n ní kí ó bá wọn kọ́, ìlànà ẹ̀kọ́ wà lọ́wọ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé tó la ojú ọmọ lè pa á lẹ́nu mọ́ bákan náà.

Kò sì yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò Ifẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún 6, Ford Foundation wà lára àwọn tó náwó sí i. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá rí ọwọ́ họrí lọ́la, tí ẹ fẹ́ kọ́ ilé-ìwé fún ìlú kan, ẹ kọ́kọ́ bi onílé ní ìbéèrè Hillary: kí ni ẹ ń fẹ́? Kí ẹ sì fi ìkejì tì í: èdè wo ni a ó fi kọ́ àwọn ọmọ yín?