Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Fi Ẹnu Ara Rẹ̀ Sọ Ọ́

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì Muhammad.

Ẹ̀yin ará nínú ẹ̀sìn, bí ọmọ wa bá ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, àwa òbí ni a máa ń dá dókítà lóhùn, ọmọ a sì dákẹ́. Àánú ni ó fà á, ìtìjú sì dá kún un. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, ọmọ náà yóò kúrò ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé, yóò sì dá dùbúlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù àwọn àgbà. Ta ni yóò gbẹnu sọ fún un?

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹrin ọdún 2019 kò yẹ ní ohun ìgbàgbé. Evan Nathan Smith, ọmọ ọdún 21 tí ó ní àrùn yìí, béèrè ọ́síjìn, a kò fún un. Ó pe 999 láti orí ibùsùn ilé ìwòsàn. Ó kú lẹ́yìn náà. Evan kò dákẹ́. A kò gbọ́ tirẹ̀ ni. Nítorí náà, kí ọmọ mọ ọ̀rọ̀ sọ nìkan kò tó. Ó yẹ kí ó wà níbi tí a ti ń pinnu bí ilé ìwòsàn yóò ṣe máa gbọ́ aláìsàn.

Irú àyè bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí wa. Royal Manchester Children's Hospital, tí ó wà ní Oxford Road, ní ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tí ń sọ èrò wọn lórí ìtọ́jú. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: dókítà mọ àrùn, ṣùgbọ́n ẹni tí ìrora ń bá jà ni ó mọ bí òru ṣe gùn tó.

Àwọn kan lè ní ọmọ tí ó ń sọ̀rọ̀ níwájú àgbà kò ní ẹ̀kọ́. Nínú Súúrà Sọ́ọ̀fáàtì, áyà 102, Ànábì Ibrahim rí àṣẹ gbà lójú àlá nípa ọmọ rẹ̀, síbẹ̀ ó bi ọmọ náà léèrè èrò rẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ lórí àṣẹ Ọlọ́hun, kí ni àwa yóò fi kọ̀ lórí ọ̀rọ̀ oògùn àti abẹ́rẹ́?

A rọ̀ yín, ẹ̀yin òbí: bí dókítà bá béèrè ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ dáhùn. Ẹ gbà á láàyè láti wọ ìgbìmọ̀ yẹn. Kí mọ́sálásí wa náà yan ọjọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ yóò sọ, tí àwọn àgbà yóò gbọ́.

Kí Ọlọ́hun wo àwọn ọmọ wa sàn. Àmín.