Ọ̀RỌ̀ ỌKỌ̀: Land Rover Tí Kì Í Ṣíná Bí Ó Bá Gbóná

Ọ̀rẹ́ wa kan nínú ẹgbẹ́ yìí pàdánù ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ lóṣù tí ó kọjá. Ní Ọjọ́bọ̀ ni ó gbéra láti Jọ́ọ̀sì pẹ̀lú aya àti ọmọ mẹ́ta nínú Land Rover rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ṣe láàrin 1971 sí 1985. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni ìsìnkú. Aago méjì ọ̀sán ni wọ́n dé, erùpẹ̀ ti bo ìyá.

Jọ́ọ̀sì ga, ó sì tutù, nítorí náà ọkọ̀ náà kò fi àìsàn rẹ̀ hàn nílé. Nígbà tí wọ́n dé Mọ́kwà nínú ooru, abẹ́rẹ́ ti sún mọ́ pupa. Wọ́n pa á kí ó lè sinmi. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ lọ, ó kọ̀. Ẹnì kan ní bátìrì ni, wọ́n ra tuntun. Ẹlòmíràn ní kọ́ìlì ni, wọ́n ra ìyẹn náà. Òfo ni. Wọ́n sùn sínú ọkọ̀. Ní ìdájí, ó ṣíná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Ṣùgbọ́n ní Jẹ́bà wọ́n tún pa á láti ra búrẹ́dì fún àwọn ọmọ, ó sì dá wọn dúró títí aago mẹ́wàá fi kọjá.

Akọ̀wé rélùwéè ni wá, a kì í ṣe mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n ojú wa ti rí màbo lọ́wọ́ irú ọkọ̀ yìí. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, fáànù ń fẹ́ ẹ, omi ń yí ká, epo tútù sì ń ti táǹkì wá. Bí ẹ bá pa á lójijì, gbogbo rẹ̀ dúró, ooru irin á sì kọlu pọ́ǹpù epo àti kabúrétọ̀. Bẹntiróòlù á hó, á di ooru lásán, pọ́ǹpù kò sì lè fa ìyẹn.

Ẹ yọ pílọ́ọ̀gì kan wò. Bí ó bá gbẹ, epo ni kò dé: ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ fi aṣọ tí a rẹ sómi bo pọ́ǹpù, kí ẹ sì mú sùúrù. Bí epo bá rin ín, epo ti pọ̀ jù: ẹ tẹ asílérétọ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ léraléra, kí ẹ sì ṣíná.

Àmọ́ ooru ni baba àìsàn. Nígbà tí ọ̀rẹ́ wa padà dé, a wo rédíétọ̀ rẹ̀: èso koríko àti eruku ọ̀nà oko ti dí ojú rẹ̀ bí ìtẹ́ ẹyẹ. A ti ẹ̀yìn fi omi fọ̀ ọ́ síwájú. Bẹ́líìtì fáànù pẹ̀lú ti dẹ̀. Ó yẹ kí ó wọlé bí ìdajì ínǹṣì péré bí a bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Bí omi rédíétọ̀ bá ń yọ ìfófòó ṣáá, tàbí tí ọ́ìlì dà bí ògì, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnì ni. Ẹ má ṣe wà á mọ́. Ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ó gbóná (àpá rẹ̀ wà lápá wa títí dòní), ẹ má sì da omi tútù sínú ẹ́ńjìnì gbígbóná, orí rẹ̀ lè sán.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta a wà á lọ sí Búkúrù nínú oòrùn. Ìgbà mẹ́ta ni a pa á, ìgbà mẹ́ta ni ó ṣíná. Òun ni yóò lọ fún ogójì ọjọ́ ìyá. Àyè ènìyàn méjì ṣì kù. Kí ẹni tí ó bá ń lọ sílé rí akọ̀wé ẹgbẹ́.